Àrokò Ọrùn Ọba: Ìgbésí Ayé Ọba Esigie ti Ìbíní

Ìfáàrà

Bí Aṣáwo ti Ayétẹ̀ bá gúnwà níbi ayẹyẹ ìlú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn ọba yòókù ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìgbò-Ọrà, àti fún gbogbo ọba aládé jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Lójú ọmọdé, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí. Lójú àgbà, àrokò ni wọ́n. Wọ́n ń sọ ibi tí ọba ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí ó fọwọ́ sí i pé kí ó jọba, àti ojúṣe tí a so mọ́ ọn lọ́rùn. Kì í ṣe iye tí ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó lọ́jà ni ó ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ọwọ́ tí ó ti wá àti ìdí tí a fi fi í fúnni.

Àṣà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú nìkan. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún, nígbà tí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọnà sọjí nílẹ̀ Yúróòpù, ìgbà tí àwọn òpìtàn ń pè ní sànmánì Renaissance, àwọn ọba ibẹ̀ pẹ̀lú a máa fi ẹ̀gbà ọrùn wúrà dá àwọn ìjòyè àti àwọn ọba ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́lá. Ní ọdún 1430 ni Philip, olórí ilẹ̀ Burgundy, dá ẹgbẹ́ Irun Àgùntàn Oníwúrà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbà sínú ẹgbẹ́ náà a gba ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí àwòrán àgùntàn rọ̀ mọ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀gbà náà kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó gbà á lè fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bí ó bá kú, ẹ̀gbà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́. Manuel Kìíní, ọba ilẹ̀ Potogí, wọ ẹgbẹ́ yìí ní ọdún 1516.

Ní àkókò kan náà, ọba kan wà ní Ìbíní tí ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ó mọ èdè tí irú ohun ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ dáadáa. Ọba náà ni Esigie. Ìgbésí ayé rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. A ó rí i pé oríṣiríṣi ẹ̀bùn ni ó yí ìjọba rẹ̀ ká: èyí tí Ìbíní ń gbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà ní àgbà, èyí tí òun ń fún àwọn ìjòyè rẹ̀, àti èyí tí ọba òkè òkun fi ránṣẹ́ sí i. Okùn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n Esigie ni pé ó mọ okùn tí ó yẹ kí ó so òun, ó sì mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ so òun.

Ìbí Esigie àti Ìjà Orí Oyè

Ọba Ozolua ni bàbá Esigie. Jagunjagun ni Ozolua, ìtàn sì kà á mọ́ àwọn ọba Ìbíní tí ó jagun jù lọ. Idia ni orúkọ ìyá Esigie. Osawe ni wọ́n ń pe ọmọ náà kí ó tó jọba. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu Ẹdó ti wí, ọjọ́ kan náà ni Idia àti ìyàwó ọba mìíràn tí ń jẹ́ Ohonmin bímọ ọkùnrin. Arhuaran tí Ohonmin bí ni ó kọ́kọ́ wáyé, ṣùgbọ́n kò ké. Osawe ké ní kété tí wọ́n bí i, èyí sì mú kí wọ́n tètè ròyìn rẹ̀ fún ọba. Báyìí ni ó ṣe di àrólé, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ wáyé sì di àbúrò. Igbe ọmọ tuntun dá ìjà tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dàgbà, Arhuaran di olórí ìlú Udo. Òmìrán ọkùnrin ni ìtàn pè é, alágbára tí kò sì gbà pé ó tọ́ kí òun máa forí balẹ̀ fún Osawe. Ó fẹ́ sọ Udo di ìlú tí yóò bá olú ìlú dọ́gba. Lẹ́yìn ikú Ozolua ni ọ̀rọ̀ náà wá di ogun gidi. Osawe gorí oyè, ó sì gba orúkọ náà Esigie. Jacob Egharevba, tí ó kọ́kọ́ tẹ ìtàn Ìbíní jáde lédè Ẹdó ní 1933, fi ìgbà ìjọba rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1504 sí 1550. Àwọn onímọ̀ kan ti fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ìgbà tí ó lé díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ìgbà tirẹ̀.

Ogun Udo le. Níkẹyìn, Ìbíní borí. Ìtàn sọ pé Arhuaran kò jẹ́ kí ọwọ́ tẹ òun láàyè; adágún omi Odighi tí ó wà ní Udo ni ó sọ ara rẹ̀ sí. Esigie ṣẹ́gun, àmọ́ ìṣẹ́gun lórí ọmọ bàbá ẹni kì í sọ ènìyàn di ọba tí gbogbo ayé gbà. Ẹni tí ó bá ti inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ gorí oyè nílò ohun tí yóò fi han ará ilé àti ará oko pé oyè náà tọ́ sí òun. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ ọba ti wọlé.

Agbélébùú Idẹ láti Ọ̀dọ̀ Ogané

Òpìtàn Potogí kan tí ń jẹ́ João de Barros ni ó ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1552. Ó ní ní nǹkan bí ọdún 1486, ikọ̀ ọba Ìbíní dé ọ̀dọ̀ João Kejì, ọba ilẹ̀ Potogí, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ọba jẹ ní ìlú wọn. Ọba ńlá kan wà lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pè ní Ogané. Ìrìn ogún oṣù ni wọ́n sọ pé ó wà láàrin rẹ̀ àti Ìbíní. Bí ọba Ìbíní bá wàjà, ẹni tí ó bá rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rán ikọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ sọ́dọ̀ Ogané láti túfọ̀, kí ó sì tọrọ pé kí ó fi òun jẹ.

Ohun mẹ́ta ni Ogané máa ń fi ránṣẹ́ padà: ọ̀pá àṣẹ, ìborí tí ó dà bí àṣíborí jagunjagun, àti agbélébùú tí ọba yóò fi kọ́rùn. Idẹ dídán ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn. Ọba tí kò bá rí nǹkan wọ̀nyí gbà, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ní kà á sí ọba tòótọ́. Ikọ̀ tí ó lọ kì í rí ojú Ogané. Aṣọ sẹ́dà ni wọ́n fi ń bo ibi tí ó jókòó. Ìgbà tí ikọ̀ bá ń dágbére ni wọn yóò fi ẹsẹ̀ ọba hàn án láti abẹ́ aṣọ náà, òun yóò sì júbà ẹsẹ̀ ọ̀hún. Wọn a wá fi agbélébùú kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọba, kọ́ ikọ̀ náà lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di ẹni òmìnira, kò sí ẹni tí ó lè mú un sìn mọ́, iyì pàtàkì sì wà fún un ní ìlú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ ni Ogané yìí. Àwọn mìíràn ń jiyàn rẹ̀, nítorí pé ìhà ìlà-oòrùn Ìbíní ni Barros sọ pé ó wà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni Ilé-Ifẹ̀ wà sí Ìbíní. Síbẹ̀, ohun púpọ̀ ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ìtàn Ọ̀rànmíyàn wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Ìbíní, ó sì wà ní Ọ̀yọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń gbà sọ ọ́ yàtọ̀. Ilẹ̀ kan sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó, níbi tí ìtàn sọ pé wọ́n máa ń sin ohun tí wọ́n bá mú wá lára àwọn ọba Ìbíní tí ó ti wàjà. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń wá nígbà tí ọba bá jẹ, ibẹ̀ náà ni nǹkan ti ń padà sí nígbà tí ó bá lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Esigie gan-an ni pé Barros kò gbára lé ìròyìn ọdún 1486 nìkan. Ní ọdún 1540, nígbà tí Esigie wà lórí oyè, àwọn ikọ̀ Ìbíní kan dé ilẹ̀ Potogí. Bàbá àgbàlagbà kan wà láàrin wọn, tí yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀kan nínú agbélébùú kékeré náà wà lọ́rùn rẹ̀. Barros fúnra rẹ̀ bi í léèrè ìdí tí ó fi wọ̀ ọ́, bàbá náà sì ṣe àlàyé tí ó bá ti ìṣáájú mu. Láàrin ìlú tí agbélébùú ti jẹ́ àmì ẹ̀sìn àti ti ọba, àgbà Ìbíní yìí wọ agbélébùú tirẹ̀, tí kò ti ọwọ́ àlùfáà Potogí kankan wá. Ẹni tí kò bá mọ àrokò ọ̀hún yóò rò pé Kìrìsìtẹ́nì ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé òmìnira bàbá náà ni ó ń dán lọ́rùn rẹ̀.

Lára àwọn ère idẹ Ìbíní tí ó wà káàkiri àgbáyé lónìí, a rí èyí tí ó jẹ́ ọkùnrin tí ó wọ agbélébùú sí àyà, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí irùngbọ̀n ológbò. Àwọn onímọ̀ ti so ère wọ̀nyí mọ́ àwọn ìránṣẹ́ tí ìtàn Ogané sọ nípa wọn.

Idia, Ogun Idah àti Ère Eyín Erin

Ẹni tí a kò lè yọ sílẹ̀ nínú ìgbésí ayé Esigie ni ìyá rẹ̀. Ìtàn Ẹdó pe Idia ní obìnrin tí ó mọ oògùn, tí ó mọ ogun, tí ó sì dúró ti ọmọ rẹ̀ títí tí ó fi gorí oyè. Nígbà tí ogun Idah bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1515 sí 1516, ogun ilẹ̀ Ígálà sún mọ́ olú ìlú Ìbíní gidigidi. Ìtàn sọ pé aáwọ̀ tí ó wà láàrin Esigie àti Oliha, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjòyè, wà lára ohun tí ó fa ogun náà. Bí Esigie ti ń jáde lọ, ẹyẹ kan ń ké lókè orí àwọn ọmọ ogun. Àwọn ènìyàn túmọ̀ igbe rẹ̀ sí pé wọn yóò ṣubú lójú ogun. Esigie pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹyẹ náà, ó sì tẹ̀ síwájú. Ó ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ rọ àwòrán ẹyẹ ọ̀hún, kí àwọn ìjòyè sì máa fi irin lù ú ní ẹnu lọ́jọ́ ọdún Oro. Ohun tí ìlú ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ di ohun èlò ayẹyẹ lọ́wọ́ ọba.

Esigie kò gbàgbé ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́. Òun ni ó dá oyè Iyoba sílẹ̀, ìyẹn oyè ìyá ọba, ó sì fi ìyá rẹ̀ jẹ ẹ́. Ó kọ́ ààfin fún un ní Uselu. Ó tún fún un ní ẹ̀tọ́ láti dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹnu odídẹrẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ukpe-okhue. Ìgbà tí ọba bá fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lórí, ó ti sọ fún gbogbo ìjòyè ọkùnrin pé ìyá yìí kì í ṣe ará ilé lásán mọ́, ó ti di olóyè láàrin ìlú.

Àwọn onímọ̀ gbà pé Idia náà ni ojú tí ó wà lára àwọn ère eyín erin kékeré tí wọ́n gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Méjì tí ó lókìkí jù nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Metropolitan Museum of Art ní New York. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún. Ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ọba ni ó ń so wọ́n mọ́ ara níbi ètùtù. Wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí iwájú orí obìnrin náà, wọ́n sì ya ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Lórí èyí tí ó wà ní New York, orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n àti ẹja àrọ̀ ni wọ́n fi ṣe adé yí i ká, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹja àrọ̀ ń gbé inú omi, ó sì lè rìn lórí ilẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ àmì ọba tí ó ní agbára níhìn-ín àti ní ayé àwọn ẹ̀mí. Àwọn Potogí ní tiwọn gba orí òkun wá, ìyẹn ni pé láti ilé Olókun, ẹni tí ó ni ọrọ̀, ni Ìbíní ka wíwá wọn sí.

Ó yẹ kí a wo ohun tí oníṣẹ́ ọnà náà ṣe dáadáa. Àwọn Potogí rò pé àwọn ni ó wá mú Ìbíní wá sábẹ́ ọba wọn àti sínú ẹ̀sìn wọn. Oníṣẹ́ ọnà ọba sọ wọ́n di ohun ọ̀ṣọ́ orí ìyá ọba.

Ìlẹ̀kẹ̀ Iyùn: Ẹ̀bùn tí ó ń Padà Sílé

Ṣáájú Esigie ni ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ti di ohun ìjọba ní Ìbíní. Ìtàn sọ pé bàbá bàbá rẹ̀, Ọba Ewuare, ni ó gba iyùn lọ́wọ́ Olókun. Iyùn ọba ní ọdún tirẹ̀, Ugie Ivie, nígbà tí wọ́n máa ń kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ jọ láti fi ètùtù sọ agbára wọn dọ̀tun. Láyé àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe ètùtù náà. Òtítọ́ tí ó korò ni èyí, kò sì yẹ kí ẹwà ìlẹ̀kẹ̀ mú òpìtàn fi í pamọ́.

Ọba ni ó ni gbogbo iyùn oyè. Ìjòyè tí ó bá gba oyè gba ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bá oyè náà mu. Bí ó bá kú, ìlẹ̀kẹ̀ a padà sí ààfin. Ẹni tí ó ń wo iyùn lọ́rùn ìjòyè ń wo ọwọ́ ọba lọ́rùn rẹ̀. A ó rántí pé bákan náà ni òfin ẹgbẹ́ Irun Àgùntàn Oníwúrà ti rí. Burgundy kò kọ́ Ìbíní, Ìbíní kò sì kọ́ Burgundy. Ọgbọ́n ìjọba kan náà ni ìlú méjèèjì dá, pé ohun ọ̀ṣọ́ tí kò bá padà yóò di ọrọ̀ ìdílé, ọrọ̀ ìdílé a sì máa bí ọ̀tẹ̀.

Wíwá àwọn Potogí mú kí iyùn láti òkun Mẹditaréníà pọ̀ sí i ní Ìbíní. Wọ́n ra ata, eyín erin àti aṣọ. Wọ́n ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní cori, wọ́n sì tà á ní etíkun Gánà òde òní láti fi gba wúrà. Wọ́n ra ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ tí wọ́n ń pè ní mànílà ni wọ́n fi ń sanwó. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá awakọ̀ òkun Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ẹ̀gbà méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń fi ra ẹrú kan ní Ìbíní. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ní àdúgbò Igun rí idẹ lò nínú òwò tí ó gbilẹ̀ yìí. Idẹ tí ó wà lọ́rùn ikọ̀ Ogané sọ ọ́ di ẹni òmìnira; idẹ tí ó wà lọ́wọ́ oníṣòwò sọ ọmọ ẹlòmíràn di ẹrú. Ohun kan náà ni, ìlò rẹ̀ ni kò dọ́gba. Nígbà tí ó ṣe, Ìbíní fi òfin de títa ẹrú ọkùnrin fún àwọn Potogí, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tú òfin náà ká.

Ẹ̀bùn Ọba Potogí

Ní ọdún 1514, ikọ̀ láti Ìbíní dé ọ̀dọ̀ Manuel Kìíní. Wọ́n fẹ́ àlùfáà, wọ́n sì fẹ́ ìbọn. Òfin ìjọ Àgùdà kò gba pé kí ọba onígbàgbọ́ ta ohun ìjà fún ẹni tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Èsì Manuel ni pé bí ọba Ìbíní bá gba ẹ̀sìn tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ ohun ìjà kò ní ṣòro. Ó fi àwọn àlùfáà ránṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1516, Potogí kan tí ń jẹ́ Duarte Pires kọ ìwé láti Ìbíní sí Manuel. Ó ní ọba mú àwọn àlùfáà lọ sójú ogun, àti pé nígbà tí ó padà, ó ní kí ọmọ òun àti ọmọ àwọn ìjòyè ńlá ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn. Egharevba ka èyí mọ́ iṣẹ́ Esigie, ó sì sọ pé ilé ìjọsìn mẹ́ta ni ó kọ́. Ó ní Esigie gbọ́ èdè Potogí.

Ọmọ ọba ṣe ìrìbọmi. Ọba fúnra rẹ̀ kò ṣe é. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ọba tí ó bá gba agbélébùú lọ́wọ́ Manuel ti ní Ogané mìíràn. Ní ilẹ̀ Kóńgò, Afonso Kìíní, ẹni tí ó jọba láti 1509, gba ẹ̀sìn, ó gba orúkọ, ó sì gba àmì àsíá ìdílé ọba tí Manuel yà fún un. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, ọlọ́gbọ́n ọba sì ni. Síbẹ̀, ní ọdún 1526, ó ń kọ̀wé sí ọba Potogí tẹ̀dùntẹ̀dùn pé àwọn oníṣòwò ń kó àwọn ènìyàn òun lọ, títí kan ọmọ ìjòyè àti ìbátan òun. Ẹ̀bùn tí ó gbà kò dáàbò bò ó.

Esigie fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn àlùfáà mìíràn dé ní ọdún 1538, ọba kò fún wọn ní àyè tí wọ́n ń wá. Ní ọdún 1539 wọ́n kọ̀wé sílé pé ọba kò fetí sí ọ̀rọ̀ wọn, pé ó sì ń tẹ̀síwájú nínú àwọn ètùtù tí wọ́n kórìíra. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá a wí lé lórí ni ènìyàn lè gbèjà. Ẹjọ́ wọn lórí pípa ènìyàn rúbọ tọ̀nà. Ohun tí a rí dìmú ni pé ọba náà kò kọ òwò, kò kọ ẹ̀kọ́ èdè, kò kọ aṣọ àti iyùn. Ìdè tí yóò sọ ọ́ di ọmọ abẹ́ ọba mìíràn nìkan ni ó kọ̀.

Ìgbẹ̀yìn Esigie àti Ohun tí ó Fi Sílẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1550 ni Esigie wàjà. Orhogbua ọmọ rẹ̀ ni ó gorí oyè. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé Ìbíní ní ọdún 1553, èdè Potogí ni ọba fi bá wọn sọ̀rọ̀, èdè tí ó ti gbọ́ láti kékeré. Èso ilé ẹ̀kọ́ ìgbà Esigie ni èyí jẹ́.

Ohun tí Esigie fi jọ fún àwọn ọba lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ààfin fún ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ìbíní, wọ́n kó ààfin, wọ́n sì rán Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1914. Ère eyín erin Idia wà lára ohun tí wọ́n kó láti inú ìyẹ̀wù ọba. Nígbà tí Nàìjíríà fi ojú Idia ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977, British Museum kò gbà láti yá ilẹ̀ wa lò. Ọmọ Ìbíní kan ni ó gbẹ́ irú rẹ̀ fún àjọ̀dún náà.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ti ń padà. Ní ọdún 1938 ni adé iyùn méjì àti ẹ̀wù iyùn kan padà dé ọwọ́ Ọba Akenzua Kejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ìjọba Jámánì dá iṣẹ́ ọnà ogún padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilẹ̀ Nẹ́dálàǹdì dá mọ́kàndínlọ́gọ́fà padà. Ère Idia ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti New York kò sí lára wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìgbésí ayé Esigie kọ́ wa pé ohun ọ̀ṣọ́ ọba kì í dá dúró. Ẹni tí ó fi í fúnni wà níbẹ̀, ẹni tí ó gbà á wà níbẹ̀, àdéhùn tí ó wà láàrin wọn náà sì wà níbẹ̀. Agbélébùú idẹ tí Ìbíní gbà lọ́wọ́ Ogané fi ọba rẹ̀ múlẹ̀. Iyùn tí ọba fún àwọn ìjòyè so wọ́n mọ́ ààfin. Adé odídẹrẹ́ tí Esigie fún ìyá rẹ̀ sọ ìmoore di oyè. Èyí tí Manuel fẹ́ fi so ó, ó gba apá kan, ó fi apá kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kó ní ọdún 1897 kò ní àdéhùn kankan nínú. Ẹni tí ó kó o ní eyín erin àti idẹ lọ́wọ́, àrokò inú rẹ̀ kò tẹ̀ lé e lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ayétẹ̀, ní Ìgangan, ní Tápà, ní Ìdèrè àti ní gbogbo ìlú tí ó yí wọn ká, ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọba. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n mọ ọwọ́ tí ó ti wá àti ọjọ́ tí a ń lò ó, ń dín kù lọ́dọọdún. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tọ àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ìwárí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá. Bàbá Ìbíní tí ó dé ilẹ̀ Potogí ní ọdún 1540 lè ṣàlàyé ohun tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ fún àjèjì tí ó bi í léèrè. Yóò dára kí ọmọ wa pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í.